Ìwé Tí A Sanwó Rẹ̀ Tí Kò Tètè Dé

Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà, tí ó ná ọjà, tí ọjà sì gbà, a gbé ẹrù rẹ̀, a sì kọjú sí ilé. Bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa sì ń ṣe é ní Gbági àti ní Bódìjà títí di òní olónìí. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tí kò sì fún un ní ọjà, orúkọ kan wà tí a ń pè é ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ náà kò sì dùn ún jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà tuntun kan ti wà láàrin wa báyìí, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí owó ti ń ṣáájú, tí ẹrù sì ń tẹ̀lé e nígbà tí ó bá wù ú. Nípa ọjà yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá nípa ẹ̀ka rẹ̀ kan tí àwọn aláṣẹ kì í sábà rántí, èyíinì ni ìwé títà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rojú bí wọ́n ti rí àkọlé yìí. Wọn yóò ní, nígbà tí gàrí wọ́n tí epo mọ́tò sì ń gbówó lérí, kí ló kan ojú ewé yìí pẹ̀lú ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó pẹ́ lọ́nà? Ìdáhùn wa kò gùn. Àpò kan náà ni owó gàrí àti owó ìwé ti ń jáde. Bí ìwé kan bá jẹ́ náírà 10,000, ìdá kan nínú méje ni nínú owó oṣù tí ó kéré jùlọ, náírà 70,000, tí ìjọba fi òfin lélẹ̀ ní ọdún 2024. Ẹni tí ó yọ irú owó bẹ́ẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi oúnjẹ kan sílẹ̀ nítorí òmíràn ni.

Ní ìparí ọdún 2020, ìròhìn kan tàn ká láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé kíkà. Wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, ti kọ ìwé ìtàn àròsọ tuntun. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ọkùnrin náà dáadáa lè béèrè pé kí ni ohun ìyanu nínú èyí, nígbà tí kò fi ìgbà kan gbé kálàmù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé, ewì àti ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni ó pọ̀ nínú ohun tí ó ń kọ. Ìwé ìtàn àròsọ méjì péré ni ó ti kọ títí di ìgbà náà, The Interpreters ní ọdún 1965 àti Season of Anomy ní ọdún 1973. Láti ọdún 1973 dé ọdún 2020, ọdún 47 gbáko ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ìwé kejì jáde lè ti di bàbá àgbà kí ẹ̀kẹta tó dé.

Orúkọ tí ó sọ ẹ̀kẹta yìí ni Chronicles from the Land of the Happiest People on Earth, èyí tí a lè pè ní ìròhìn láti ilẹ̀ àwọn tí inú wọn dùn jùlọ láyé. Ẹ̀fẹ̀ kíkorò ni orúkọ náà, nítorí ilẹ̀ kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yà ara ènìyàn ṣòwò ni ìtàn náà dá lé lórí. Ohun tí ó tún wú wa lórí ni pé Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde wà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni àwọn ará London àti New York tó rí tiwọn. Fún ìgbà kan, àwa ni a ó kọ́kọ́ kà á, aláwọ̀ funfun ni yóò sì dúró dè wá. Inú wa dùn débi pé a kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlú Iléṣà ni a wà ní àkókò náà. A wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé mẹ́ta, a kò rí i níbẹ̀. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àdúrà, kàlẹ́ńdà ọdún tí ń bọ̀ àti báírò ni ó kún orí pẹpẹ. Ọ̀kan nínú àwọn onítàwé náà, obìnrin àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, sọ fún wa láìfi bò pé òun kì í ra ìwé ìtàn sílẹ̀ mọ́ àfi èyí tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò, nítorí pé eruku ni ó ń jẹ ìyókù. Nítorí náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, a ṣí fóònù wa, a rí ìwé náà lójú ọjà kan tí ó lórúkọ, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ hàn kedere, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó wà nílẹ̀. A san owó ìwé, a san owó ọkọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ìdáhùn fi dé pé wọ́n ti rí owó gbà, pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, àti pé ìwé yóò dé láàrin ọjọ́ márùn-ún sí méje.

Ọjọ́ méje pé. Ọjọ́ mẹ́wàá pé. Ọdún Kérésìmesì wọlé, a fi ojú fò ó, nítorí a mọ̀ pé ọ̀nà Èkó kì í gba ẹsẹ̀ ní ìgbà ọdún. Àrùn kòrónà náà ṣì wà lóde, a kò sì gbàgbé pé ó ti sọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ di ahoro. Nígbà tí oṣù Kìíní dé ìdajì, a pè wọ́n. Orin ni a gbọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, owó fóònù wa sì tán sórí orin. Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan dáhùn, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi sùúrù sí i, ìwé yín ti wà lọ́nà.” A béèrè pé ọ̀nà wo. Ó ní òun kò rí i níbẹ̀, pé “ó wà lọ́nà” nìkan ni ẹ̀rọ fi han òun. A kò bá a jà. Ọmọ olówó oṣù ni, ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni ó ń kà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ìbàdàn ni ìwé náà ti wá, Èkó ni ilé ìkẹ́rù àwọn tí ó tà á fún wa wà, Iléṣà ni àwa sì wà. Ìwé náà ní láti kọ́kọ́ lọ sí Èkó, kí ó sùn níbẹ̀, kí ó tún padà gba ẹ̀bá Ìbàdàn kọjá, kí ó la Ifẹ̀ já, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Ìbàdàn sí Iléṣà, bí ọ̀nà bá dára, kò tó wákàtí mẹ́ta. Àwọn oníṣòwò kékeré tilẹ̀ ní ọgbọ́n kan tí ó yá ju gbogbo ètò ẹ̀rọ yìí lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní wébíìlì: wọn á gbé ẹrù lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáréèjì, wọn á kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára, wọn á fún awakọ̀ ní owó díẹ̀, ẹni tí ó ni ẹrù á sì lọ pàdé rẹ̀ ní ìdíkọ̀ kejì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò sí àwòrán dáradára nínú rẹ̀, kò sì sí orin. Ṣùgbọ́n ẹrù ń dé.

Àwọn àgbà láàrin àwọn olùkọ́ wa yóò rántí pé ìdúró de ìwé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ń ti ìlú Òyìnbó wá, ènìyàn lè ra póstà ọ́dà, kí ó fi ránṣẹ́ sí London, kí ó sì máa ka ọjọ́. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀ ní ọdún 1951, a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Liverpool títí dé Èkó. Ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun! Àwa ń retí ìwé láti Èkó sí Iléṣà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan. Ẹni tí ń dúró de Aureol mọ ohun tí ó ń dúró dè. Wọ́n ti kéde ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí i sì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Bí ìwé bá pẹ́, ó ní ẹni tí yóò bi léèrè. Àwa ní nọ́ńbà oní-figọ mẹ́wàá kan àti orin.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí ó mú kí á pinnu pé a ó kọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ kan. Àkọ́kọ́ ni pé a lọ sí Èkó fún iṣẹ́ mìíràn. Ní Òjúẹlẹ́gbà, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ọmọkùnrin kan ń sáré láàrin ọkọ̀, ó gbé ìwé jọ láti àyà dé àgbọ̀n. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan ìwé rí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ayédèrú ni wọ́n: bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ ẹ̀yìn tí ó ti ṣí, ojú ewé tí ó wọ́. A bi í bóyá ó ní ìwé Ṣóyínká tuntun. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n bí a bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́la, òun yóò ti bá wa wá a. Lọ́la! Èkejì ni pé olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, tí ó mọ̀ pé a ń jẹ̀rora, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé bí a bá fẹ́, òun mọ ẹni tí yóò jí odindi ìwé náà sínú fóònù fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

A kò gba ti ọmọ Òjúẹlẹ́gbà, a kò sì gba ti ọ̀rẹ́ wa. Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín pé ọkàn wa kò yẹ̀. Ohun tí ó ká wa lára jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ní ilẹ̀ wa, olè ìwé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹni tí ó sanwó ni ń dúró. Ìjọba ṣe òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun ní ọdún 2022, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Òfin dáradára ni. A kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé kí ni ó ń lé olùkọ́ ọmọlúàbí lọ sọ́dọ̀ olè. Òǹkọ̀wé tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ ìwé kò rí kọ́bọ̀ nínú ti ayédèrú. Gbogbo ìgbà tí ìwé gidi bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sùn nínú ilé ìkẹ́rù, ọmọ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ rí oníbàárà kan sí i, irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í sì í padà.

Òtítọ́ gbà pé kí á sọ ti àwọn onítàwé pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ̀bi, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ bébà tí a fi ń tẹ ìwé ń ti òkè òkun wá. A kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sí Jebba, a kọ́ ọ sí Òkù-Ìbókù, a sì kọ́ ọ sí Ìwópin ní ilẹ̀ Ògùn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìrètí tí a ní lórí wọn kò tọ́jọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó tí wọ́n fi ń ra bébà àti yíńkì ti fò sókè, nítorí náà ẹni tí ó bá tẹ ìwé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò tẹ̀. Àwọn tí ń gbé ẹrù kiri náà rí màbo. Nígbà kan, a lè sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ẹnu ọ̀nà wa. Ètò tí ó dára jùlọ ni, ta ni ó sì bà á jẹ́? Àwa oníbàárà wà níbẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n gbé ọjà wá, wọn á sì pa fóònù wọn nígbà tí ó bá dé, tàbí kí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Èyí tí ó burú jùlọ ni pé ní ọdún 2017, ní ìlú Port Harcourt, wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé fóònù lọ fún àwọn tí ó ní kí ó gbé e wá, kí wọ́n má bàa sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní yà á lẹ́nu pé onítàwé fẹ́ rí owó kí ó tó rán ọmọ ọlọ́mọ jáde.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì náà tún wà níbẹ̀. Ọdún 1852 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dé Èkó, èyí tí ó ju àádọ́jọ ọdún lọ dáadáa, síbẹ̀ bí a bá ní kí ènìyàn mẹ́wàá ní Iléṣà, ní Òṣogbo tàbí ní Adó-Èkìtì kọ àdírẹ́sì ilé wọn, mélòó ni yóò kọ nọ́ńbà? “Ilé kẹta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́ńdù, ẹ béèrè Bàbá Tísà.” Àdírẹ́sì tiwa gan-an nìyẹn, a kò sì tijú. Ọmọ tí ó gun alùpùpù wá láti ìlú mìíràn yóò pe fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó rí wa, bí fóònù wa bá sì ti kú nítorí àìsí iná, yóò gbé ẹrù padà. Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé òṣèlú fetí sí èyí dáadáa. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, kọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti fún àwọn òpópónà ní orúkọ àti láti kọ nọ́ńbà sí ara ilé. Kì í ṣe iṣẹ́ Àbújá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ gómìnà. Kańsẹ́lọ̀ tí a dìbò fún ní wọ́ọ̀dù wa ni ó ni ín. A ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà, a ti gbọ́ tí wọ́n béèrè fún ìrẹsì, fún aṣọ ẹgbẹ́, fún owó ọkọ̀. A kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dìde kí ó ní, “Alàgbà kańsẹ́lọ̀, nígbà wo ni nọ́ńbà yóò dé ara ilé mi?” Ọ̀dà kékeré kan àti ọmọ tí ó mọ̀wé kọ ni iṣẹ́ náà gbà.

Ṣùgbọ́n bí a ti sọ èyí tán, ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣì kù tí a kò lè gbé lé bébà tàbí lé ọ̀nà tàbí lé kańsẹ́lọ̀ lórí. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kí onítàwé kọ ọ́ pé ìwé wà nílẹ̀ nígbà tí kò sí nílẹ̀. Nígbà tí a tú ọ̀rọ̀ ìwé tiwa dé ìdí, ohun tí a bá níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹni wa kò ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gba owó wa. Wọ́n ń gba owó jọ kí wọ́n lè mọ iye tí wọn yóò lọ rà, wọ́n sì ń dúró kí owó náà pọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn 1,000 bá san náírà 10,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni. Bí owó yìí bá wà lọ́wọ́ oníṣòwò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ta ni ó yá a lówó? Bí ó bá lọ sí báńkì, wọn yóò gba èlé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì béèrè onídùúró. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí owó oṣù tirẹ̀ gan-an lè pẹ́ kí ó tó wọlé, ni ó yá a láìmọ̀, láìgba èlé, láìní onídùúró. A kò mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pe èyí. Àwọn ìyá wa ní Gbági mọ̀ ọ́n.

Kò tún sí ohun tí ó burú nínú kí oníṣòwò gba owó sílẹ̀ fún ìwé tí kò tíì dé, bí ó bá wí bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ ọ́ pé, “Ìwé yìí kò sí lọ́wọ́ wa, a ó lọ gbé e wá, yóò gba oṣù méjì.” Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sanwó pẹ̀lú ìdùnnú tí yóò sì dúró. Ìdúró tí a mọ òpin rẹ̀ kì í pa ènìyàn, ó tilẹ̀ ní adùn tirẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ìwé tí a ti retí fún ọdún 47. Èyí tí ó ń rẹ ènìyàn sílẹ̀ ni kí á máa sáré jáde ní gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ń wá ilé ẹlòmíràn.

Òfin wà fún èyí. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ni ó dá àjọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FCCPC sílẹ̀, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ọjà tí ó ti béèrè fún sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣòwò lè yọ iye tí ó tọ́ fún ìnáwó tí ó ti ṣe. Èyí ni pé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò dé kò ní láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń béèrè. Nígbà tí àwa mẹ́nu kan òfin yìí nínú lẹ́tà wa ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ kò ní gbàgbọ́ bí orin náà ti dúró tí ohùn ènìyàn sì jáde. Èrò wa ni pé kí àjọ náà lọ síwájú díẹ̀ sí i, kí ó pa á láṣẹ fún gbogbo ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tí kò bá ní ọjà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ó wà nílẹ̀, àti pé bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kí owó padà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín kọ lẹ́tà. Ẹ̀rọ tí ó lè gba owó ní ìṣẹ́jú kan lè dá a padà ní ìṣẹ́jú kan.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ ọdún 2020 ti tán. Kò tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí ìwé ìtàn Chimamanda Adichie tuntun, Dream Count, jáde lẹ́yìn ọdún 12 tí a ti ka Americanah, àwọn olùkọ́ tí a mọ̀ sọ ìtàn kan náà fún wa, ó kù díẹ̀ kí á rò pé lẹ́tà tiwa ni wọ́n ń kà. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé tí WAEC yàn fún ìdánwò ni ó pẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìrora ọkàn àgbàlagbà kan mọ́. Máàkì ọmọ ni yóò bá a lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, a ní ìmọ̀ràn kan fún yín tí kò dúró de àjọ tàbí ìjọba kankan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa, ẹ̀yin tàbí àwọn tí ó kọ́ yín ni ẹ sọ àwọn ọmọ àgbẹ̀ di ẹni tí ń kàwé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ yín di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé. Bí olùkọ́ mẹ́wàá nínú ọgbà kan bá fẹ́ ìwé kan, kí wọ́n kó owó wọn jọ, kí ẹnìkan kọ̀wé tààrà sí ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fi wébíìlì gbé e wá. Tàbí kí wọ́n gbé owó náà lọ bá onítàwé àgbàlagbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ẹni tí ó ní òun kò ra ìwé ìtàn sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá mọ̀ pé mẹ́wàá ti ní ẹni tí yóò rà á, yóò mú méjìlá wá. Méjì tí ó ṣẹ́kù yóò wà lórí pẹpẹ ní Iléṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, níbi tí ọmọ kan lè rí i.

Ìwé tiwa dé ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn tí a sanwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè wá láti oríta, ó ní òun wà níwájú mọ́ṣáláṣí, òun kò mọ ibi tí òun yóò yà sí. A jáde lọ bá a. Òjò àkọ́rọ̀ ti pa á, ó sì ti bọ́ aṣọ òjò rẹ̀ kúrò lára, ó fi bo àpótí ẹrù. Kí á tó sọ ohunkóhun ó ti dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ máà bínú, bàbá. Àárọ̀ òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún mi.” Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti tò jọ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kò rí ẹnu gbà jáde. A fún un ní owó omi, a kí i kú iṣẹ́, ó sì lọ.

A fi alẹ́ mẹ́rin ka ìwé náà. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sí ilé wa, a so báírò mọ́ bébà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá a kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ìwé náà kò sí nílẹ̀, orúkọ mẹ́tàdínlógún sì wà lórí bébà. Ẹni tí ó kọ ti ìkẹyìn béèrè lọ́wọ́ wa pé ọjọ́ wo ni yóò kan òun.